Ìbéèrè yín: Kí ni àwọ̀ p53 ń sọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ní Ìlọrin ní p53 ni purotéènì tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ gbèrú, síbẹ̀ inú kókó jẹjẹrẹ gan-an ni ó ti rí i tó pọ̀ jù. Báwo ló ṣe jẹ́? Bàbá kan, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ ṣeun, ìbéèrè yín jinlẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó yè kooro, kì í pẹ́ tí ara fi ń tú p53 ká, nítorí náà ìwọ̀nba ni ántíbọ́dì, èròjà tó ń dá purotéènì mọ̀ tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn, máa ń rí. Ṣùgbọ́n bí jíìnì rẹ̀ bá yí padà, purotéènì tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ sábà máa ń kóra jọ sínú kóró sẹ́ẹ̀lì. Ántíbọ́dì bíi DO-7 kò sì mọ èyí tó bàjẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó dára. Ibi tí ántíbọ́dì bá lẹ̀ mọ́ ni àwọ̀ ti máa ń hàn; lábẹ́ maikirosíkóòpù, kóró náà á wá pọ́n dúdú bí ojú obì tí a là sílẹ̀ tipẹ́.

Ẹ bá mi sọ fún un pé kí àwọ̀ má hàn rárá kì í ṣe ẹ̀rí àlàáfíà, nítorí ìyípadà mìíràn a máa pa purotéènì náà rẹ́ pátápátá. Kí ó wo àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó náà dáadáa. Bí àwọn náà kò bá ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé wọn kò se ègé ẹran ara náà gbóná tó kí wọ́n tó kán ántíbọ́dì sí i, tí ántíbọ́dì náà kò fi rí purotéènì lẹ̀ mọ́.