Abẹ́ “ó” ni mo sá sí

Mo kí ẹ̀yin tí ẹ béèrè bí ènìyàn ṣe lè kọ ìtàn àròsọ nípa ọkùnrin Yorùbá tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin, láì sọ ọ́ di àlejò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ irú rẹ̀ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó sì dá mi dúró jù.

Ẹ mọ̀ pé “ó” kì í sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Abẹ́ rẹ̀ ni mo sá sí. Mo sọ olólùfẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn mi ní Ayọ̀, orúkọ tí tọkùnrin tobìnrin ń jẹ́, mo sì kọ ogójì ojú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kà á fún àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ mi, ìyá àgbà kan yin “ìyàwó” náà pé ó níwà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ojú sì tì mí délé.

Àwọn tó ṣáájú mi náà sá pamọ́. Nígbà tí Richard Bruce Nugent, òǹkọ̀wé adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, tẹ irú ìtàn yìí jáde ní Harlem, àdúgbò àwọn adúláwọ̀ ní New York, ní 1926, “Richard Bruce” nìkan ni ó fi sí i, kí ojú má baà ti ìdílé rẹ̀. Aláwọ̀ funfun ni James Baldwin, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, fi gbogbo ẹ̀dá inú ìwé rẹ̀ ti 1956 ṣe, nítorí pé òun kò lè gbé ẹrù méjèèjì, ti àwọ̀ dúdú àti ti ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin, lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1962 ni ó ti pa wọ́n pọ̀ ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ fún irú wa láti kékeré, èébú ni. (Ẹnu ẹ̀gbọ́n olú ẹ̀dá ìtàn ni mo fi sí, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.)

Aṣọ ẹbí ni ó yọ mí. Nígbà ìsìnkú bàbá mi, èmi nìkan ni wọ́n gé léèsì fún. Ẹni tí a jọ ń gbé wọ kóòtù dúdú, ó sì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò. Nínú ìtàn, mo jẹ́ kí ìyá olú ẹ̀dá ìtàn mi máa gé léèsì ní yáàdì márùn-ún márùn-ún. Nígbà tí ó kan ọmọ rẹ̀, ó gé márùn-ún, ó dákẹ́, ó tún gé márùn-ún mìíràn, ó sì ká a mọ́ ti àkọ́kọ́. “Ti ọkùnrin tí ẹ jọ ń gbé nìyẹn. Ẹ tètè gbé e fún aránṣọ.”

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ ibẹ̀ yẹn ni mo padà sí ojú ìwé kìn-ín-ní, mo sì kọ “ọkùnrin kan” síbi tí Ayọ̀ ti kọ́kọ́ wọlé.