Ṣé inú ìwé nìkan ni ìwádìí wà?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì lórí ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bá ara wọn jà. Yàrá ìkàwé ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, ó ní ìwádìí lòun ń ṣe. Ṣé ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ìwádìí nìyẹn?

Ìdajì rẹ̀ ni. ‘Wá’ àti ‘ìdí’ ló para pọ̀ di ‘wádìí’. Ìró ‘ì’ ti lọ, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ kò bá a lọ. Ó sún síwájú, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ‘dìí’ (ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ‘ìwádí’, ẹ gbọ́ o). Ìdí yìí kan náà ni ìdí igi àti ìdí ìkòkò, ibi tí nǹkan fi jókòó. Ẹni tó ń wádìí kò gbọdọ̀ dúró sórí ewé.

Kí yunifásítì tó dé ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nídìí ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ìfojúsóde, kí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ tán, ìdílé méjèèjì á rán ènìyàn jáde: ṣé kò sí wárápá níbẹ̀, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé wọn kì í jalè? Ẹni tí wọ́n rán kì í wọlé lọ bi bàbá ọmọ, àbí ta ni yóò ní olè lọmọ òun? Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lójúde ilé wọn ló máa bi, àti àwọn tí wọ́n jọ ń pọnmi nínú kànga kan. Wọn kì í gba ti ẹnì kan ṣoṣo gbọ́.

Ẹ wo Samuel Johnson, pásítọ̀ tó kọ ìtàn Yorùbá. Hastings ní Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846, Ìbàdàn ló dàgbà sí. Ó ká a lára pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa mọ ìtàn Róòmù, wọn kò mọ ti ilé wọn. Ìwé tó wá kò sí nílẹ̀, ló bá lọ jókòó ti àwọn arọ́kin, àwọn apìtàn ọba Ọ̀yọ́, ó sì bi àgbà ìjọ kan n’Íbàdàn, David Kúkọ̀mí, tó ti jagun rí nígbà èwe. Ogun Kírìjì gan-an ṣojú òun náà: ní 1886, òun àti Charles Phillips, pásítọ̀ bíi tirẹ̀, ni gómìnà Èkó rán lọ bá ìhà méjèèjì sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ibẹ̀ ló sọnù sí. Johnson kú ní 1901. Àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah, fi tún un kọ, tó fi jáde ní 1921. Ká ní orí nìkan ló kó o sí, ó ti bá a wọ sàréè.

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ kan bá a rò. Ará ààfin ni arọ́kin, ọba ló ń bọ́ wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu wọn jáde, Ọ̀yọ́ ni yóò ga jù. Ó sì ga jù nínú ìwé Johnson lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló bi léèrè ìwà ìyàwó.

Nítorí náà, kí ọmọ yín ka Johnson dáadáa, kó tún ka àwọn tó ta kò ó. Lẹ́yìn náà, kó wọ mọ́tò lọ sí Ìgbájọ, níbi tí Ìbàdàn pàgọ́ sí, kó sì dé Ìmẹ̀sí-Ilé lọ́dọ̀ Èkìtìparapọ̀. Ìtàn tí wọ́n máa sọ fún un kò ní bára mu. Ibi tí kò ti bára mu yẹn ni kó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.