Èsì: Ṣé owó ìrànwọ́ nìkan tó?

Ẹ béèrè bóyá owó ìrànwọ́ fún ayálégbé nìkan lè mú kí ilé tí apá mẹ̀kúnnù ká pọ̀ sí i. Lójú tèmi, kò tó, nítorí pé níbi tí ilé bá ti ṣọ̀wọ́n, púpọ̀ nínú owó náà lè bọ́ sápò onílé. Òfin ìlò ilẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe: ní Auckland, ìlú ńlá kan ní New Zealand, láti ọdún 2016, òfin gba ilé púpọ̀ láàyè lórí ilẹ̀ tí ilé kan ṣoṣo wà tẹ́lẹ̀, ilé kíkọ́ sì pọ̀ sí i gidigidi. Síbẹ̀, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù kò lè máa dúró de ìgbà tí owó ilé máa wálẹ̀ lọ́jà, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ìjọba gbàgbé rẹ̀. Ní Singapore, HDB, àjọ ilé kíkọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1960, ló kọ́ ilé tí nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn olùgbé ibẹ̀ ń gbé.