Ẹ jẹ́ kí Mama dúró sílẹ̀ ní Brugge

Arábìnrin mi, ẹ ní Mama tí orúnkún ń dùn fẹ́ bá yín àti ọmọ yín gun ilé ìṣọ́ agogo Brugge, ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ẹ má dán an wò o. Èmi tí mo ti bá oríṣiríṣi àlejò gòkè ibẹ̀ ni mo ń sọ fún yín.

Àtẹ̀gùn 366 ni, kò sí lífìtì. Ṣùgbọ́n iye àtẹ̀gùn kọ́ ni wàhálà rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń gòkè ló ń há sí i, ó sì ń lọ́ bìrìpó, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn náà ni àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń gbà. Bí ẹ bá pàdé, ẹnì kan á lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹnì kejì á rọ̀ mọ́ okùn kó tó lè kọjá. Ta ló fẹ́ kí Mama dúró síbẹ̀ lórí orúnkún kan?

Ẹ̀yin àti ọmọ, ẹ lọ. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì àárọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí wọn kì í jẹ́ kí èrò pọ̀ jù níbẹ̀. Lókè, kí agogo tó wà níbẹ̀ tó dún, ẹ dúró ti àgbá bàbà ńlá náà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń yí: èèkàn ara rẹ̀ á fa wáyà, wáyà á fa òòlù, òòlù á lu agogo. Ọmọ tó bá rí i kò ní gbàgbé. Ẹ sáà bá a di etí.

Ẹ ó rí i pé orí ilé náà dà bí ẹni tí atẹ́gùn gba fìlà rẹ̀. Igi ni ṣóńṣó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àrá sán pa á ní 1493, wọ́n tún un ṣe, iná tún jó o ní 1741. Wọn ò dá a padà mọ́.

Mama kò pàdánù nǹkan kan. Kí ó jókòó sí àgbàlá ìsàlẹ̀. Agogo 47 ló wà lókè, láwọn ọjọ́ kan, èèyàn gidi ló ń lù wọ́n. Ìkúùkù àti ẹsẹ̀ ló ń lò, kì í ṣe ìka. Ohùn rẹ̀ dùn nílẹ̀ ju ti òkè lọ. Àwọn tó ń ta ọ̀dùnkún díndín wà lẹ́sẹ̀ ilé náà, ẹ ra fún un kí ẹ tó gòkè. Ata nìkan ni kí ẹ mú láti ilé.