Èsì: Ṣé kí n ra ilé àtijọ́ ní Bódìjà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ó bọ́gbọ́n mu láti ra ilé kan ní Bódìjà Àtijọ́, n'Ìbàdàn. Ní tèmi, ìwé ilé náà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti bí ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá àdúgbò náà sílẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ni ilé níbẹ̀ ti di olóògbé, ilé wọn sì ti di ogún. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá ń tà á láìsí ìbuwọ́lù àwọn tó kù, ẹjọ́ ni ẹ fẹ́ fowó yín rà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 sì béèrè pé kí gómìnà fọwọ́ sí títà ilé náà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bíríkìlà àti oníṣẹ́ iná tiyín lọ (kì í ṣe ojúlùmọ̀ ẹni tó ń tà á o), kí wọ́n wo páìpù onírin, wáyà àtijọ́ àti òrùlé asbestos, èyí tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró bí wọ́n bá ń tú u. Bí ìwé bá pé, èmi ó rà á, torí irú àyè gbàǹgbà tó yí àwọn ilé wọ̀nyẹn ká ṣọ̀wọ́n ní àdúgbò tuntun.