Àbúrò, má tíì gbé 80,000 yẹn fún ẹnikẹ́ni

O ní géèmù ayò rẹ ti ń parí lọ, o ti san 100 dọ́là tí Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń gbà, 80,000 náírà ló kù lọ́wọ́ rẹ, ṣé kí o kó o fún ẹni tó ń ṣe skit kó bá ọ polówó rẹ̀? Rárá o. Àwọn tó ń wo skit lórí fóònù ní Ìkòròdú níbẹ̀ yẹn, mélòó ló ní kọ̀ǹpútà nínú wọn? Ọ̀rẹ́ mi kan dán an wò: wọ́n rẹ́rìn-ín títí lábẹ́ fídíò náà, kò sẹ́ni tó ra géèmù.

Ojú ewé rẹ lórí Steam ni kó o gbé síta báyìí. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ wà níta fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí géèmù tó jáde, àmọ́ kí ni ọ̀sẹ̀ méjì fẹ́ ṣe? Wishlist lò ń wá, ìyẹn àkójọ géèmù tó wu ẹnì kan láti rà lórí Steam. Ẹni tó bá ti fi géèmù rẹ síbẹ̀, Steam fúnra rẹ̀ ló máa fi ímeèlì ta á lólobó lọ́jọ́ tó bá jáde. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ṣe tèmi, géèmù apẹja lórí ọ̀sà. Gbogbo àwòrán tí mo ń gbé síta, wọ́n kàn ń wò ó kọjá ni. Ìgbà tí mo lọ sí ọjà Olúwo láàárọ̀ kùtù, tí mo gba ohùn àwọn ìyá ẹlẹ́ja sílẹ̀, ni nǹkan yí padà. Mo fi í sábẹ́ fídíò tí kò gùn rárá: apẹja ju àwọ̀n, àwọ̀n tàn, ó rì, ó fà á jáde, ojúoró lásán ló kó, ìyá kan sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn òyìnbó tí kò mọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ rí ń bi mí pé kí ni ìyá yẹn wí. Ibẹ̀ ni wishlist ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. (Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìyá náà, mo sì ra ẹja. Wọn ò dín kọ́bọ̀ fún mi.)

Ìwọ náà, wá ibi tí àwọn bàbá ti ń ta ayò, kó o gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ọ̀ta máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, kí á máa gbọ́ bí ọmọ ayò ṣe ń dún nínú ọpọ́n. Ìyẹn kò ní ná ọ lówó. Ayàwòrán ni kó o gbé èyí tó pọ̀ nínú 80,000 náà fún, fún àwòrán kékeré tí wọ́n máa kọ́kọ́ rí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Fi ìyókù ra dátà.

Next Fest, àjọ̀dún tí àwọn èèyàn ti ń dán géèmù tí kò tíì jáde wò lórí Steam, ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni géèmù kan lè wọ̀ ọ́, nítorí náà má sáré wọ̀ ọ́ bí demo rẹ, ìyẹn apá géèmù tí wọ́n máa fi tọ́ ọ wò, bá ṣì ń kú lójú ọ̀nà. Àwọn kan á sì máa kọ̀wé sí ọ pé YouTuber làwọn, kó o fún àwọn ní key, ìyẹn kóòdù tí wọ́n á fi gba géèmù rẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Yẹ àdírẹ́sì ímeèlì wọn wò dáadáa, kó o fi wé èyí tó wà lórí channel náà. Púpọ̀ nínú wọn, títà ni wọ́n fẹ́ lọ tà á.