Owó Oṣù Mi Kò Dín, Kí Ló Dé Tí Iṣẹ́ Fi Sú Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú wa. Owó oṣù mi tẹ́ mi lọ́rùn fún ọdún mẹ́rin, títí di ọjọ́ tí mo ṣèèṣì mọ iye tí ẹnìkan tí a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ń gbà. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti sú mi, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò yọ nǹkan kan nínú owó tèmi. Ṣé ìlara ni, àbí kí n wá iṣẹ́ mìíràn?

Ìdáhùn: Èmi kò ní pè é ní ìlara. Owó yín kò yí padà, òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n ni ó yí padà. David Card àti àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé mẹ́ta mìíràn tẹ ìwádìí kan jáde ní 2012 lórí àwọn òṣìṣẹ́ Yunifásítì California ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìwé ìròyìn kan ti kó owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi èyí tó àwọn òṣìṣẹ́ kan létí, wọn kò sì sọ fún àwọn yòókù. Lára àwọn tí wọ́n sọ fún, àwọn tí owó wọn kéré sí ti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn ní ẹ̀ka kan náà ni iṣẹ́ wọn kò tẹ́ lọ́rùn tó ti àwọn tí a kò sọ fún, tí wọ́n sì túbọ̀ ń ronú àtiwá iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n inú àwọn tí tiwọn pọ̀ jù kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dùn sí i. A máa ń sọ pé ìka kò dọ́gba, àmọ́ ta ni ó fẹ́ jẹ́ èyí tí ó kúrú jù?

Àwọn ọ̀gá pàápàá mọ̀ pé ọkàn òṣìṣẹ́ gbẹgẹ́. Nígbà tí ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Truman Bewley ti Yunifásítì Yale bi àwọn ènìyàn tí ó lé ní 300, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́, léèrè ìdí tí wọn kì í fi í gé owó oṣù. Ohun tí ó hàn nínú èsì wọn ni pé ẹni tí a dá dúró ń gbé ìbínú rẹ̀ lọ sílé, ṣùgbọ́n ẹni tí a gé owó rẹ̀ ń gbé tirẹ̀ wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ̀kúnwó nìkan kì í sábà tán ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìwádìí Uri Gneezy àti John List ní 2006, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣèlérí dọ́là 12 fún ní wákàtí kan, tí a sì ṣàdédé sọ ọ́ di 20, ṣiṣẹ́ kára fún nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀, lẹ́yìn èyí ni ìtara náà rọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀gá yín bí wọ́n ṣe ń pinnu owó ní ẹ̀ka yín, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkejì yín kàn dúnàádúrà dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ ni. Bí àlàyé wọn kò bá mọ́gbọ́n dání, ẹ máa wá iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí tí ó wà lọ́wọ́ sílẹ̀ kí òmíràn tó dájú.